Ìtọ́sọ́nà fún Àlejò tó ń Lọ sí Ìgbéyàwó ní Abúlé Ẹ̀gbá Nígbà Ẹ̀rùn

Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, ìgbéyàwó máa ń pọ̀ ní àwọn abúlé tó yí Abẹ́òkúta ká, láti Ọ̀dẹ́dá àti Ọ̀pẹ́jì dé Alábàtà, títí lọ sí ìhà Ọbáfẹ́mi-Owódé. Àwọn ẹbí fẹ́ràn ìgbà ẹ̀rùn nítorí pé òjò kì í sábà ba òde jẹ́ nígbà náà, ọ̀nà oko ṣeé gbà, ọwọ́ àwọn àgbà sì dilẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ìkórè. Ṣùgbọ́n ìgbà yìí kan náà ni oòrùn máa ń mú jù, tí eruku ń bo ojú ọ̀nà, tí omi kànga sì ń lọ sílẹ̀. Ní abúlé, kò sí gbọ̀ngàn tí wọ́n háyà tí yóò bá ẹbí gbé ìnira náà; àwọn fúnra wọn ló ń pọn omi, àwọn ló ń wá igi ìdáná, àwọn náà ló ń wá ibi tí àlejò yóò fẹ̀yìn lélẹ̀ sí. Nítorí náà, ohun yòówù tí ẹni tó ń ti Èkó, Ìbàdàn tàbí ìgboro Abẹ́òkúta bọ̀ bá ti ilé múra sílẹ̀ fún, ó ti gbé e kúrò lọ́rùn wọn nìyẹn. Ìdí tí mo fi kọ ìtọ́sọ́nà yìí nìyí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ wádìí ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó pè yín

Bí ìwé ìpè bá ti tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ má ṣe gbára lé ohun tí wọ́n tẹ̀ sínú rẹ̀ nìkan. Ẹ pe ẹni tó fún yín ní ìwé náà, kí ẹ béèrè bóyá ìdána nìkan ni yóò wáyé ní abúlé, tí ètò ṣọ́ọ̀ṣì tàbí yìgì yóò sì jẹ́ ti ìgboro, tàbí ibẹ̀ ni ohun gbogbo yóò parí sí. Ìdáhùn yìí ni yóò sọ aago tí ẹ máa kúrò nílé. Àwọn ẹbí tó wà ní abúlé máa ń fẹ́ kí ìdána bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá àárọ̀, kí oòrùn tó mú, ẹni tó bá sì dé ní aago kan ọ̀sán, bí a ṣe máa ń ṣe ní òde ìgboro, lè bá a pé wọ́n ti fa ìyàwó lé ọkọ lọ́wọ́.

Ẹ béèrè ọ̀nà dáadáa. Máàpù orí fóònù lè mú yín dé ojú títì ńlá, ṣùgbọ́n kì í sábà mọ ọ̀nà oko tó yà wọ abúlé. Ohun tí ẹ nílò ni àmì tí ojú lè rí: ilé ẹ̀kọ́, ilé epo, ọjà, tàbí igi ńlá kan tó wà ní oríta. Ẹ sì gba nọ́ńbà ẹnì kan tí kì í ṣe ìyá ìyàwó tàbí bàbá ọkọ, torí pé àwọn wọ̀nyẹn kò ní ráyè gbé fóònù lọ́jọ́ náà. Ọmọ ilé kan tí yóò dúró sí oríta láti máa júwe ọ̀nà ló dára jù.

Ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni a ń lọ, nítorí náà ẹ tún béèrè bóyá wọ́n ti kéde Orò ní agbègbè náà lọ́sẹ̀ yẹn, pàápàá bí ẹ óò bá sùn síbẹ̀. Nígbà tí Orò bá ń jáde, obìnrin kì í sí níta. Ẹbí yóò ti mọ ọjọ́ àti aago tó bọ́ sí, wọn yóò sì sọ ìgbà tí ẹ lè wọlé àti ìgbà tí ẹ kò gbọdọ̀ sí lójú ọ̀nà. Ẹ má ṣe tijú láti béèrè.

Bí ẹ bá ní in lọ́kàn láti fi nǹkan ti ẹbí náà lẹ́yìn, ẹ ṣe é kí ọjọ́ náà tó pé. Owó tó bá dé ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú yóò bá wọn ra àpò ìrẹsì tàbí kí ó kún owó màlúù. Èyí tó bá dé lẹ́yìn òde, gbèsè ni wọn yóò fi san.

Ìgbésẹ̀ kejì: Aṣọ àti ẹrù ọwọ́

Bí ẹ bá ti gba aṣọ ẹbí, ẹ wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ bá aránṣọ yín sọ̀rọ̀ kí ó tó gbé e sórí ẹ̀rọ. Kí ó fi aṣọ òwú ṣe ìtẹ́nú léèsì náà, kí ó sì fi àyè sílẹ̀ lábẹ́ apá, nítorí pé aṣọ tó bá fún mọ́ra kì í jẹ́ kí òógùn gbẹ, òógùn tó ń gbẹ lára gan-an ló sì ń mú ara tutù. Bí kò bá sí aṣọ ẹbí, àdìrẹ dára púpọ̀, ọjà Ìtòkú sì ni ojúlówó ibi tí a ti ń rà á ní Abẹ́òkúta. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé èyí tí wọ́n fi òwú ṣe ni ẹ fẹ́, torí pé èyí tí kì í ṣe òwú náà wà lórí àtẹ, ó sì máa ń mú ooru.

Àwọn ọkùnrin lè ká agbádá wọn sínú àpò, kí wọ́n wọ bùbá àti ṣòkòtò dé ibẹ̀, kí wọ́n tó gbé e wọ̀ ní ẹnu ọ̀nà abúlé. Fún àwọn obìnrin, gèlè tí wọ́n ti wé sílẹ̀, tó ṣeé bọ́ tó sì ṣeé dé padà, sàn ju èyí tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ há mọ́ orí láti ìdájí, tí orí yóò ti máa fọ́ kí ó tó di ọ̀sán. Bàtà tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ga tó sì rí ṣóńṣó máa ń rì sínú iyanrìn ojúde; ẹ wọ èyí tó tẹ́jú, kí ẹ sì mú sálúbàtà kan mọ́ ọn. Eruku ilẹ̀ pupa kì í tètè kúrò lára léèsì funfun.

Nínú àpò ọwọ́, ẹ fi áńkáṣíìfù, abẹ̀bẹ̀, tíṣù, ọṣẹ kékeré, oògùn tí ẹ ń lò lójoojúmọ́ àti owó wẹ́wẹ́ sí i. Ẹ fa agbòòrùn dání. Bí ó bá jẹ́ oṣù kejìlá tàbí oṣù kìíní, ọyẹ́ lè mú ní àárọ̀ kí ooru tó dé, nítorí náà ẹ mú aṣọ òtútù fún àwọn ọmọdé, kí ẹ sì fi òrí pa ètè àti gìgísẹ̀ wọn kí ó má baà là.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ìrìn àjò

Àwọn tó ń ti Ìbàdàn bọ̀ sí agbègbè Ọ̀dẹ́dá kò nílò láti wọ ìgboro Abẹ́òkúta rárá, nítorí pé ojú ọ̀nà Ìbàdàn sí Abẹ́òkúta ni Ọ̀dẹ́dá wà, wọn yóò sì kàn án kí wọ́n tó dé Òsíẹ̀lẹ̀. Àwọn tó ń ti Èkó bọ̀ lè gba ọ̀nà Ọ̀tà àti Ìfọ̀, tàbí kí wọ́n gba ọ̀nà márosẹ̀ Ìbàdàn dé Ṣágámù kí wọ́n tó yà sí ọ̀nà Kọ́bàpé. Ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní ọdún 2021 náà ń dúró ní Láderin ní Abẹ́òkúta, ní ibùdókọ̀ tí wọ́n fi orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyinká pè, ṣùgbọ́n ẹ wo aago tó ń gbéra dáadáa, kí ẹ sì ti bá ẹni tí yóò fi mọ́tò gbé yín láti ibẹ̀ dé abúlé sọ ọ́ kalẹ̀. Ọ̀kadà kò yẹ ẹni tó wọ gèlè àti aṣọ òkè ní ọ̀nà eléruku.

Kí ẹ tó kúrò ní ojú títì ńlá, ẹ ra epo kún mọ́tò, ẹ wo táyà àti omi ẹ̀rọ rẹ̀, kí ẹ sì yà sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ gba owó tí ẹ máa ná ní ìgboro, torí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè má dúró ní abúlé, ẹ̀rọ POS kò sì ní ṣiṣẹ́ níbi tí kò bá ti sí. Ẹ ra omi inú ike tí yóò tó gbogbo ẹni tó wà nínú ọkọ̀ lò ní àlọ àti àbọ̀.

Ibi tí ẹ máa gbé ọkọ̀ sí ṣe pàtàkì nígbà ẹ̀rùn ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ. Ẹ má ṣe gbé e sórí koríko gbígbẹ tó ga, nítorí pé páìpù èéfín tó ti gbóná lábẹ́ ọkọ̀ lè mú koríko náà gbiná, iná ìgbẹ́ kì í sì í pẹ́ kí ó tó dé oko àti ilé. Ilẹ̀ tí wọ́n ti gbá mọ́ ni kí ẹ wá. Ẹni tó ń mu sìgá kò gbọdọ̀ ju ìdí rẹ̀ sínú ìgbẹ́, bó ti wù kí ó kéré tó.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ìkíni nígbà tí ẹ bá dé

Níbí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ jù lọ. Àṣìṣe tí àwa ará ìgboro máa ń ṣe ni pé a máa ń bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò, a óò sì kọjá tààrà sábẹ́ ìbòòrùn láti lọ wá àga. Ní abúlé, àwọn àgbà tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí abẹ́ igi ń wo ẹni tó ń bọ̀, wọn kò sì ní gbàgbé ẹni tó kọjá láì kí wọn. Ẹ lọ sọ́dọ̀ wọn kọ́kọ́. Bí Baálẹ̀ bá wà níbẹ̀, òun ni ẹ máa kí ṣáájú, lẹ́yìn náà bàbá àti ìyá tó ń ṣe ìnáwó. Ọkùnrin yóò dọ̀bálẹ̀, obìnrin yóò kúnlẹ̀. Àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn lè tẹríba, wọn yóò mọ̀ pé kì í ṣe àfojúdi. Ẹ sọ orúkọ yín, kí ẹ sọ ilé tí ẹ ti wá àti ohun tó so yín pọ̀ mọ́ ọkọ tàbí ìyàwó, nítorí pé ìbéèrè tí yóò tẹ̀ lé e nìyẹn.

“Ẹ kú ìnáwó, Ọlọ́run á dí i,” ni ìkíni tó bá àwọn òbí mu. Wọn yóò ní, “Ẹ kú àbọ̀, ẹ kú ewu ọ̀nà.” Fún ìyàwó, àdúrà tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni pé ẹ̀yìn ìyàwó kò ní í mẹ́ní. Ẹ má ṣe kánjú kúrò lórí ìkíni. Ẹ jẹ́ kí àgbà bèèrè ará ilé, kí ó ṣe àdúrà rẹ̀ tán, kí ẹ sì ṣe àmín.

Lẹ́yìn èyí, ẹ rìn dé ẹ̀yìn ilé níbi tí wọ́n ti ń dáná. Àwọn ìyàwó ilé ti wà níbẹ̀ láti òru. Ẹ óò rí ẹni tó ń fi orógùn ńlá ro làfún nínú ìkòkò tó jókòó lórí ààrò, tó yí ojú kúrò lọ́dọ̀ èéfín, tó ń fi etí ìró nu omi ojú, tí ọwọ́ rẹ̀ kò sì dúró, torí pé bí ó bá dúró, làfún náà yóò di kókó. Ẹ kí wọn pé, “Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìdáná.” Ẹ gbé ọ̀rá omi tútù díẹ̀ fún wọn bí ẹ bá ní. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni, inú wọn yóò sì dùn sí i ju bí ẹ ti lè rò lọ. Ẹ má ṣe ya fọ́tò wọn láì tọrọ ààyè. Bákan náà ni fún ojúbọ, igbó àti ọ̀nà tí wọ́n fi màrìwò dí: ẹ má ṣe wọ ibẹ̀, ẹ má sì ya á.

Bí ẹ bá mú ọmọ wá, ẹ béèrè ibi tí kànga wà, kí ẹ sì wò ó bóyá ó ní ìdérí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ kékeré nìkan dé ìtòsí rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ìjókòó àti oòrùn

Kí ẹ tó jókòó, ẹ wo ọ̀run. Ní oṣù kejìlá àti oṣù kìíní, oòrùn kì í dúró gbọnrangandan lórí wa lọ́sàn-án ní Abẹ́òkúta. Apá gúúsù ló ń gbà kọjá, kí ó tó yí sí ìwọ̀-oòrùn lẹ́yìn aago méjì. Nítorí náà, àga tó wà ní etí ìbòòrùn ní ìhà gúúsù àti ti ìwọ̀-oòrùn ni oòrùn yóò bá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òjìji wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ dé. Ìhà àríwá ló sàn. Bí ẹ kò bá mọ ìhà náà, ẹ kọjú sí ibi tí oòrùn ti yọ. Ọwọ́ òsì yín ni àríwá. Àyè tó tutù jù ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn arúgbó, aboyún àti ìyá ọlọ́mọ, kódà bí ẹ bá ti kọ́kọ́ jókòó síbẹ̀. Ẹ jìnnà sí jẹnẹrétọ̀, nítorí pé èéfín rẹ̀ léwu fún ẹni tó ń mí in símú fún wákàtí púpọ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn sí yàrá tí wọ́n gbé e sí ẹnu fèrèsé rẹ̀.

Ẹ máa mu omi díẹ̀díẹ̀ kí òùngbẹ tó gbẹ yín. Ẹmu dára, ó sì jẹ́ ọ̀wọ̀ láti gbà á lọ́wọ́ àgbà, ṣùgbọ́n ẹmu tí wọ́n dá ní ìdájí ń kan sí i bí ọjọ́ bá ti ń lọ, agbára rẹ̀ ní ọ̀sán kì í ṣe ti àárọ̀ mọ́. Kò sì lè rọ́pò omi. Ẹni tí yóò wa ọkọ̀ padà kò gbọdọ̀ fi ẹnu kàn án rárá.

Bí orí bá ń fọ́ ẹnìkan, tí òòyì ń kọ́ ọ, tí òógùn bò ó, tí èébì sì ń gbé e, ooru ti ń mú un nìyẹn. Ẹ gbé e lọ sí òjìji, ẹ tú gèlè tàbí bọ́ agbádá rẹ̀, ẹ fi aṣọ tó tutù sí ọrùn àti abíyá rẹ̀, ẹ máa fẹ́ ẹ, kí ẹ sì fún un ní omi díẹ̀díẹ̀. Omi iyọ̀ àti ṣúgà wúlò: nínú lítà omi mímọ́ kan, ẹ fi ṣíbí ìpo-tíì mẹ́fà tí ó tẹ́jú ti ṣúgà àti ìdajì ṣíbí iyọ̀ sí i, kí ẹ rò ó pọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá já geere mọ́, tí ara rẹ̀ gbóná bí iná, tàbí tó dákú, ẹ má ṣe fi omi sí i lẹ́nu. Ẹ máa fi omi tutù wẹ̀ ẹ́ bí ẹ ti ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ilé Ìwòsàn Ìjọba Àpapọ̀ wà ní Ìdí-Aba, ti Sacred Heart sì wà ní Láǹtòrò, méjèèjì nínú Abẹ́òkúta. Nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì ni 112.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Nígbà tí ètò bá ń lọ

Alága ìjókòó ló ń ṣojú ẹbí ìyàwó, alága ìdúró ló ń ṣojú ẹbí ọkọ. Bí ẹ bá tẹ̀ lé ẹbí ọkọ wá, ẹ kò ní í dá wọlé. Ẹ óò dúró níta títí wọn yóò fi pè yín, gbogbo yín yóò sì wọlé pọ̀ pẹ̀lú ijó àti ìkúnlẹ̀. Wọ́n lè bu owó ìtanràn fún ẹbí ọkọ tó bá pẹ́, ìdí mìíràn nìyẹn tí mo fi ń tẹnu mọ́ aago. Àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ yóò dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú rẹ̀, nítorí náà kí wọ́n má ṣe wọ ṣòkòtò tí yóò ya. Owó wẹ́wẹ́ tí mo ní kí ẹ mú dání wúlò níbí: owó ìṣílẹ̀kùn wà, owó kíka lẹ́tà wà, owó ọmọ ilé, owó ìyàwó ilé àti owó ìṣíjú ìyàwó pẹ̀lú. Ẹ má ṣe fọwọ́ kan orógbó, obì, ataare, oyin àti àádùn tó wà lórí ẹrù ìdána kí wọ́n tó fi ṣàdúrà tán.

Ní ti owó níná fún àwọn tọkọtaya àti onílù, òfin Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2007 sọ ọ́ kedere ní abala 21 pé ẹni tó bá ń fọ́n owó náírà tàbí tó ń jó lórí rẹ̀ lè ṣẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà, tàbí kí ó san owó ìtanràn tí kò dín ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta náírà (₦50,000), tàbí méjèèjì. Òfin yìí kan náà lòdì sí títa owó tuntun. Ìlànà tó mọ́ ni kí ẹ fi owó yín sínú àpòòwé, kí ẹ kọ orúkọ sí i lẹ́yìn, kí ẹ sì fà á lé ẹni tí ẹbí yàn lọ́wọ́. Orúkọ tí ẹ kọ yẹn ni wọn yóò fi mọ ẹni tí wọn yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: Oúnjẹ

Ẹ jẹ́ kí àwọn àgbà àti àwọn tó ti ọ̀nà jíjìn wá jẹun ṣáájú. Ó dùn mí nígbàkúùgbà tí mo bá rí àlejò tó ń di oúnjẹ sínú ọ̀rá nígbà tí ìyá àgbà kan kò tíì rí jẹ. Làfún àti ewédú ni oúnjẹ ilẹ̀ Ẹ̀gbá gan-an, gbígbóná ni a sì ń jẹ ẹ́. Ìrẹsì Ọ̀fàdà náà, tó gba orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ ìlú Ọ̀fàdà ní Ọbáfẹ́mi-Owódé, dùn nínú ewé pẹ̀lú ọbẹ̀ ata. Ẹ jẹ ẹ́ níbẹ̀. Oúnjẹ tó ti kúrò lórí iná fún ju wákàtí méjì lọ kò dára mọ́ fún jíjẹ, bí ooru bá sì ju ìwọ̀n 32 lọ lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lṣíọ́ọ̀sì, wákàtí kan ni kí ẹ fi mọ. Ẹran àti mọ́ínmọ́ín tí ẹ dì sínú bọ́ọ̀tù ọkọ̀ láti ọ̀sán yóò ti bàjẹ́ kí ẹ tó dé Èkó.

Omi abúlé kì í ṣe ohun tí a ń dà nù nígbà ẹ̀rùn. Ìgò omi kan tó láti fọ ọwọ́. Ẹ má ṣe fi ti inú kòròbà fọ ẹsẹ̀ tàbí mọ́tò. Ṣáláńgá ni ọ̀pọ̀ ilé ní, ẹ sì lo tíṣù yín níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ìpadàbọ̀

Ní ìgbà ẹ̀rùn, ilẹ̀ máa ń ṣú ní nǹkan bí aago méje. Ẹ ti kúrò ní ọ̀nà oko kí aago márùn-ún tó lé díẹ̀, kí ẹ lè rí kòtò àti ẹran ọ̀sìn tó ń kọjá. Ẹ tún lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà tí ẹ kí nígbà tí ẹ dé, kí ẹ dágbére fún wọn, torí pé àlejò tó bá yọ́ lọ ń kó ìbẹ̀rù bá onílé. Àwọn tó bá fẹ́ sùn síbẹ̀ gbọ́dọ̀ ti sọ ọ́ ṣáájú, kí wọ́n sì mú nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn àti aṣọ ìbora tiwọn wá. Bí ilé kò bá gbà yín, ẹ padà sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì nínú Abẹ́òkúta. Kò sí ẹni tí yóò bínú.

Bí ẹ bá ti dé ilé, ẹ pe ẹni tó júwe ọ̀nà fún yín kí ó lè sọ fún ẹbí pé ẹ ti dé láyọ̀. Bí abọ́, kúlà tàbí àga ẹbí bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ fi ránṣẹ́ padà láàárín ọ̀sẹ̀ náà, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n lò ni wọ́n yá lọ́wọ́ aládùúgbò, ìyá ìyàwó sì ni wọn yóò máa béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.